Ìwàǹwára ò gba ìbúra: àwọn àṣìṣe tá a máa ń ṣe

Lọ́jọ́ tí mo fi owó ọjà ìyàwó mi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mo kúnlẹ̀ mo búra, mo ní mi ò ní ta mọ́ láéláé. Ọjọ́ kẹta mo tún ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ má fi ìbúra ṣe oògùn o, torí ìbúra ò sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí ọkàn bá ń fà yín. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "tí owó bá ti wọlé, Bẹẹrẹ ni mò ń gbà lọ ilé, mi ò ní gba Mọ́kọ́lá." Gollwitzer, ọmọ Jámánì tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ nípa irú ìpinnu "tí ... bá" yìí ní 1999.

Èyí tó wá ń ya mí lẹ́nu jù ni "mi ò ní rò ó rárá". Ní 1987, Wegner, onímọ̀ bíi tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní káwọn kan má ro béárì funfun, kí wọ́n máa lu aago tó bá wá sọ́kàn. Aago ń dún ṣáá, nígbà tó sì ní kí wọ́n máa rò ó wàyí, àwọn gan-an ló rò ó ju àwọn tí ò kà á léèwọ̀ fún lọ. (Èmi tí mi ò rí béárì rí, mo ti ń rò ó bí mo ṣe ń kọ ọ́.) Tí ọkàn bá ń fà yín, ẹ jẹ́ kó wá, kẹ́ ẹ máa wo ibi tó ti ń dì yín lára, àyà ni àbí àgbọ̀n, torí ó máa ń ga á sì tún rọlẹ̀ bí ìgbì omi, lọ́pọ̀ ìgbà kí ìdajì wákàtí tó pé. Ṣùgbọ́n a ò kì í ní sùúrù ìṣẹ́jú méjì, fóònù tí tẹ́tẹ́ wà nínú ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa!

Àwọn tó ń bínú náà, ìgbà tí inú bá ti ń ru ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí mímí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà nínú gósílóò Ìwó Road. Ìgbà tára bá tutù ni kẹ́ ẹ ti máa kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Ebi àti àìsùn náà máa ń jẹ́ kí inú tètè ru o.

Tẹ́ ẹ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sọ pé "ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, jẹ́ n ta èyí tó kù". Omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Tó bá wá ti di gbèsè, olè jíjà tàbí ẹni tó ń lu èèyàn, ẹ lọ rí àwọn dókítà ọpọlọ, wọ́n wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnu aráàlú tó máa ní wèrè ni yín dá yín dúró.

Káàdì ATM tèmi, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà títí dòní, tí mo bá fẹ́ gbà á, á ní kí n kọ́kọ́ lọ jẹun.