Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí gíláàsì mẹ́táàlì tí a ti fi ipá tẹ̀

Alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé bí òun bá ń lu idẹ ní tútù, ńṣe ló máa ń le sí i, àfi tí òun bá dá a padà síná. Ìmọ̀ yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé gíláàsì mẹ́táàlì, ìyẹn mẹ́táàlì tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní rúdurùdu bíi ti gíláàsì. Má gbé e débẹ̀. Átọ́ọ̀mù inú idẹ tò lẹ́sẹẹsẹ, àbùkù inú títò yẹn ló ń rìn tí a bá ń lù ú. Bí àbùkù bá pọ̀, wọn a dínà mọ́ ara wọn, idẹ a sì le. Gíláàsì mẹ́táàlì kò ní ẹsẹẹsẹ kankan. Ní 1960, Pol Duwez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Caltech, ní Amẹ́ríkà, mú kí wúrà àti sílíkọ́nì yíyọ́ tutù lójijì, débi pé átọ́ọ̀mù wọn kò ráyè tò. Bí o bá tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdìpọ̀ átọ́ọ̀mù kéékèèké a yí ipò padà, àyè a ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, ibẹ̀ a sì rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí pé ibẹ̀ ti rọ̀, ibẹ̀ náà ni títẹ̀ tó kù máa ń gbà. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù wá látinú kí èèyàn gbàgbé èyí. Ẹni tó tẹ gíláàsì náà láìgbé e kaná a ní, “Mo ti tú átọ́ọ̀mù rẹ̀ ká,” bí ẹni pé gbogbo ara rẹ̀ ló kàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ìlà tín-ín-rín tí à ń pè ní shear band ni ọ̀pọ̀ jù lọ ìyípadà náà wà, ìbú wọn kò sì ju nǹkan bíi nanomita 10 sí 20 lọ (nanomita kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Ní 2011, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Münster ní Jámánì tẹ gíláàsì tí wọ́n fi palladium, nickel àti phosphorus ṣe, wọ́n fi fàdákà tó ń tú ìtànṣán jáde sára rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ooru nǹkan bíi 200°C. Eré tí fàdákà náà sá nínú àwọn ìlà yẹn fi ìlọ́po mílíọ̀nù 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju eré rẹ̀ nínú gíláàsì tí kò yí. Ìkòkò tó bá ti sán, ojú sísán ni omi ń gbà; wíwọn gbogbo ìkòkò kò lè fi ibẹ̀ hàn ọ́. Nítorí náà, má ṣe fi ẹyọ nọ́ńbà kan ṣàpèjúwe gbogbo ara gíláàsì tí o tẹ̀.

Má sì rò pé ibi gbogbo nínú ìlà náà ló tú. Nínú gíláàsì aluminiomu kan, maikirosikóòpù elẹ́kítírọ́ọ̀nù fi hàn pé ibi tó tú àti ibi tó sún mọ́ra ń tẹ̀ lé ara wọn lójú ìlà kan náà.

Bí àwòrán X-ray rẹ kò bá yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, má kọ ọ́ pé nǹkan kan kò yí. Òkìtì gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí X-ray máa ń yà fún gíláàsì kò ní ojú tó mú tó láti rí ìlà tó kéré bẹ́ẹ̀.

Ooru tún ń bá iṣẹ́ jẹ́. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì, Lewandowski àti Greer, fi tánganran (mẹ́táàlì tí à ń pè ní tin) bo gíláàsì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́; ibi tí ìlà náà gbà kọjá, tánganran yọ́, bẹ́ẹ̀ ó dìgbà tí ooru bá tó 232°C kí ó tó yọ́. Bí o bá wá fi ayùn gé e láìda omi tútù sí i, tàbí tí o fi í sílẹ̀ nínú ààrò, àyè tí títẹ̀ ṣí sílẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, gíláàsì náà a sì lè di ohun tó ń kán pẹ́ẹ́.

Ohun kan tún kù: má tíì dán ojú rẹ̀. Àkàsọ̀ kéékèèké tí àwọn ìlà náà fi sára ni yóò kọ́kọ́ parẹ́. Ya àwòrán wọn ná.