Ẹ jọ jókòó pọ̀ bí ẹ bá lọ wo fíìmù ẹ̀rín
Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá fẹ́ kó ìdílé yín lọ wo fíìmù aláwàdà ní sinimá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àga fọ́n yín ká. Ẹ tètè gba tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ lè rí àga tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀rín máa ń ranni. Robert Provine, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí rẹ̀, ó sì rí i pé a máa ń rẹ́rìn-ín láàárín èrò tó ìlọ́po 30 ti ìgbà tí a bá dá wà.

Torí náà, ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dún jù nínú ilé, àárín ni kí ẹ fi sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ọmọdé tí àwàdà kì í tètè yé wà. Bó bá ti rí i tí èjìká ẹni yẹn ń mì, òun náà á bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó máa ń dìde lọ tọ̀, ẹ fún un ní àga etí ọ̀nà. Iwájú pátápátá kò dáa, ọrùn á máa dùn yín.

Ẹ yẹ ọjọ́ orí tí wọ́n fi sí fíìmù náà wò kí ẹ tó sanwó o! Kí fóònù sì wà ní pípa.

Bó bá parí, ẹ má sáré tú ká. Ẹ ní kí ọmọ tó kéré jù ṣe ibi tó pa á lẹ́rìn-ín jù fún yín wò.