Ìwé sọ pé ìyọ̀ǹda ni, ó ní ayálégbé lòun

Ìbéèrè: Mo gba ẹnì kan láyè nínú ilé mi fún oṣù mẹ́ta. A kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyọ̀ǹda lásán ni, kì í ṣe ilé rírẹ́ǹtì. Oṣù kẹsàn-án rèé, ó kọ̀, kò jáde. Ó ní ayálégbé lòun. Ṣé ìwé náà kò tó ni?

Ìdáhùn: Ó lè má tó. Ilé ẹjọ́ kì í wo orúkọ tí ẹ pe àdéhùn, bí ẹ ṣe ń lo ilé náà ni wọ́n máa ń wò. Ṣé òun nìkan ló ni àṣẹ lórí ibi tó ń gbé, tó fi lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yin onílé gan-an síta? Ṣé ó ń san owó fún iye àkókò kan pàtó? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ ayálégbé ti ń wọlé. Lọ́dún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà dá ẹjọ́ Street àti Mountford. Obìnrin tọ́rọ̀ kàn ti buwọ́ lùwé pé ìyọ̀ǹda lòun gbà, síbẹ̀ wọ́n ní ayálégbé ni, nítorí òun nìkan ló ni àṣẹ lórí yàrá tó ń sanwó fún. Bó bá jẹ́ pé inú ilé kan náà ni ẹ jọ ń gbé, tí ẹ sì ń wọ yàrá náà láti tún un ṣe, ọ̀rọ̀ tiyín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ṣì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Owó tí ẹ gbà lẹ́yìn tí ọjọ́ ti pé lè di ẹ̀rí pé ẹ ti jọ ṣe àdéhùn tuntun. Ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó gba òmíràn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè pààrọ̀ àgádágodo nígbà tí kò bá sí nílé?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀ràn ni. Ẹni tó gba ìyọ̀ǹda lásán pàápàá, ó yẹ kó rí àyè kó ẹrù rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà tó dá ọjọ́ ìjáde, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ìbéèrè: Ẹni tó fẹ́ ra ilé mi kejì fẹ́ wá máa gbé ibẹ̀ kó tó sanwó tán.

Ìdáhùn: Síwájú ohunkóhun mìíràn, ẹ kọ ọjọ́ tó máa jáde bí ọjà náà bá fọ́ sínú ìwé, kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.