Bí a ṣe lè tọpa ìbẹ̀rẹ̀ páríṣì Kátólíìkì ní ìlú kékeré ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ páríṣì (ìjọ tí fáda ń bójú tó) ìlú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbára lé ọdún tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ìpìlẹ̀, nítorí pé ìjọ sábà máa ń ti wà kí ilé tó dúró. Ìwé ìrìbọmi ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ibi tí fáda ń gbé ni wọ́n ti ń kọ orúkọ sílẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí orúkọ àwọn àgbà yín wà nínú ìwé ìlú mìíràn.

Ẹ wo ọ̀nà tí àwọn fáda gbà wọlé. Lókòjá ni àwọn fáda SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì fún Áfíríkà, tẹ̀dó sí ní 1884, kí olórí wọn tó kó lọ sí Àsàbà. Ní 1955 ni Róòmù dá àgbègbè ìjọ Kábà sílẹ̀ lábẹ́ Auguste Delisle, ọmọ Kánádà. Ní 1964 ó di dáyósíìsì Lókòjá, ìyẹn àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń darí. Lẹ́tà àwọn fáda SMA àtijọ́ wà ní ilé ìpamọ́ ìwé wọn ní Róòmù.

Èdè Látìn ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìrìbọmi nígbà náà: ẹni tí wọ́n kọ ní Joannes, Jòhánù ni, patrinus sì ni bàbá ìrìbọmi rẹ̀. Bí fáda ṣe gbọ́ orúkọ abúlé ló ṣe kọ ọ́, nítorí náà ẹ kà á sókè kí ẹ tó sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ wo etí ìwé náà pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìgbéyàwó onítọ̀hún sí. Bí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rì bọmi bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń kọ́ katikísìmù tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ta ló ń kọ́ wọn? Katikíìsì ni, olùkọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe fáda. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ìwé àjọ̀dún páríṣì ló ń to orúkọ fáda láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdárúkọ katikíìsì kan ṣoṣo.

Ẹ má bi àwọn àgbà léèrè ọdún. Ẹ bi wọ́n pé: “Ìyá, ṣé ẹ ti bí àkọ́bí yín nígbà tí wọ́n kan páànù sórí ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé pọ́n-ùn la ṣì ń ná, àbí ó ti di náírà?” Ìdáhùn wọn ni ẹ ó fi mọ ọdún: ní 1973 ni náírà dé; bí wọ́n bá sì dárúkọ ogun abẹ́lé, 1967 ló bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. Bí ìdílé méjì bá ní àwọn ló fi ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ kọ ti àwọn méjèèjì, kí ẹ sì kà á sí wọn létí kí ìwé tó lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.