Ọkọ̀ yín ní àìsàn tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ti mọ̀ tipẹ́? Bẹ́ ẹ ṣe lè jà fún owó àtúnṣe rèé

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Àwọn mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí mọ èyí dáadáa, tẹ́ ẹ bá ti ní Camry 2008 ni, ẹ́ńjìnnì 2.4, wọn ò tíì ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á ti bi yín pé "ṣé ó ti ń jẹ ọ́ìlì?" Wọn kì í ṣe babaláwo o. Toyota fúnra ẹ̀ mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà pé písítìnì àti rìng inú ẹ́ńjìnnì yẹn, 2AZ-FE lorúkọ ẹ̀, ló ní wàhálà, wọ́n sì fi kún wárántì ẹ̀ títí dé ọdún mẹ́wàá tàbí 150,000 máìlì. Tí irú àìsàn báyìí bá ń ṣe ọkọ̀ yín, ẹ má kàn máa sanwó bí ẹni tó jẹ gbèsè. Àmọ́ ẹ má sì lọ máa pariwo níwájú dílà, ariwo ò ṣe nǹkan kan fún wọn, ìwé ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ yín, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà dírẹ́bà, ó tún máa ń wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kò sí I, kò sí O, kò sí Q nínú ẹ̀, nítorí náà tó bá jọ O lójú yín, òdo ni. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti tò ó: J ni Japan, K ni Kòríà, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà. Ìkẹwàá ń sọ ọdún ẹ̀ fún àwọn tó wá láti Amẹ́ríkà, 8 ni 2008, A ni 2010, B ni 2011. Tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá búra fún yín pé 2012 ni, tẹ́ ẹ wá rí A níbẹ̀, ẹ ti mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ ń bá ná ọjà.

Ẹ gbé nọ́ńbà yẹn lọ sí nhtsa.gov/recalls, ti ìjọba Amẹ́ríkà ni, ọ̀fẹ́ ni, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti wá. Recall, ìyẹn kí iléeṣẹ́ pe ọkọ̀ padà láti wá tún nǹkan tó léwu ṣe, èyí tí wọn ò tíì ṣe lára ọkọ̀ yẹn nìkan ló máa hàn, èyí tí wọ́n bá ti ṣe kò ní sí níbẹ̀ mọ́, kò sì ń wò kọjá ọdún 15 sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ orúkọ ọkọ̀ àti ọdún ẹ̀, ẹ máa rí ẹ̀sùn àwọn tó ní irú ẹ̀ àti lẹ́tà tí iléeṣẹ́ kọ sí àwọn dílà wọn. Ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ jáde sórí ìwé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà èyíkéyìí ní Under G, ẹ má gbé fóònù lọ máa fi han èèyàn.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń ṣì í mú rèé o. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà, wọ́n á dà á pọ̀, dílà á sì fi ìyẹn lé wọn jáde. Recall jẹ́ ti ewu, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àfikún wárántì, irú èyí tí mo sọ nípa Camry yẹn, iléeṣẹ́ gbà láti ṣe páàtì kan lọ́fẹ̀ẹ́ fún iye ọdún kan pàtó, tó bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni service bulletin, lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ́ dílà bí wọ́n ṣe máa tún nǹkan ṣe ni, kò sí ìlérí owó kankan nínú ẹ̀. Àmọ́ lójú tèmi, bulletin yẹn gan-an ni ohun ìjà tó dáa jù, torí ó ń fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ba ọkọ̀ jẹ́, wọ́n ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó rà á.

Tó bá jẹ́ airbag (báàgì afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) tí iléeṣẹ́ Takata ṣe ló hàn, ẹ má bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà, ẹ lọ ṣe é. Kẹ́míkà tó wà nínú ẹ̀, ammonium nitrate, ooru àti ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó bá wá bú, irin ló máa fọ́n sí èèyàn lára. Ní Amẹ́ríkà nìkan ó lé ní mílíọ̀nù 60 tí wọ́n pè padà. Ẹ wá wo oòrùn tó ń pa ọkọ̀ wa ní Sábó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí rẹwáyà kan bá yín so resistor, páàtì iná kékeré kan, mọ́ ọn kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù lè kú, iná nìkan ló pa, ewu ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá kù sí pé ta lẹ fẹ́ bá jà. Tó bá jẹ́ tuntun lẹ ra ọkọ̀ yín lọ́wọ́ dílà ní Nàìjíríà, ọwọ́ yín le, FCCPA ti 2018, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ọjà tí wọ́n bá tà fún yín gbọ́dọ̀ dáa kó sì wà láìléwu. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, mi ò ní tàn yín, iléeṣẹ́ ò jẹ yín ní wárántì, ìlérí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ló wà fún. Ti recall lẹ ṣì lè béèrè, àwọn dílà kan máa ń gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó tà á fún yín lẹ máa dojú kọ, tàbí kẹ́ ẹ lo ohun tẹ́ ẹ rí láti fi já owó ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ìyẹn gan-an ló dáa jù.

Ẹ má tú ẹ́ńjìnnì tàbí gíà kí iléeṣẹ́ tó wò ó. Èyí ló ń pa ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Bọ̀dá mẹkáníìkì á ní kí òun kàn ṣí i wò, tó bá ti ṣí i, dílà á ní "àwọn tó ṣí i ló bà á jẹ́", ọ̀rọ̀ ti tán. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwájú yín, kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀. Bí àpẹẹrẹ ti ọ́ìlì: dílà á rọ ọ́ìlì kún, á lẹ géèjì àti ìdérí pa, ẹ máa wa ọkọ̀ tó 1,200 máìlì, bíi kẹ́ ẹ lọ Ìbàdàn kẹ́ ẹ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, wọ́n á wá wọ̀n ọ́n. Tó bá ju nǹkan bíi lítà kan tó lọ, ẹ́ńjìnnì yẹn ti fèìlì nìyẹn. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí Toyota fúnra wọn lò. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹ ya fọ́tò máíléèjì àti géèjì.

Ẹ wá kó rìsíìtì sábísì yín jọ, àní tó bá jẹ́ ti mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, kó kọ déètì, máíléèjì àti irú ọ́ìlì tó lò, kó sáìn ín. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ ò ṣe sábísì.

Ìbátan mi kan ní Ọ̀yọ́ ra ọkọ̀ tuntun, gíà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn tí wárántì tán díẹ̀, wọ́n ní kó san owó tó tó ra ọ̀kadà tuntun méjì. Ọ̀gá kan níbẹ̀ sọ fún un pé, "Mọ̀mí, máíléèjì yín ti kọjá o." Ó ní, "Mo mọ̀ ọmọ mi, mi ò béèrè wárántì. Ìwé yín tẹ́ ẹ kọ sí dílà nípa gíà yìí ni mo mú wá. Èló lẹ máa san níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ wá yí padà. Goodwill ni wọ́n máa ń pè é lọ́dọ̀ wọn, wọ́n lè gba páàtì kẹ́ ẹ san iṣẹ́ ọwọ́, tàbí kí wọ́n pín in sí méjì, àmọ́ wọn ò ní fi lọ ẹni tí ò béèrè.

Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ má dúró ti ẹni tó wà ní káúńtà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá sábísì, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń kó ọkọ̀ náà wọ Nàìjíríà, òyìnbó ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ torí Èkó ló máa já sí. Ojú ìwé kan tó. VIN, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, máíléèjì, ohun tó ń ṣe é, nọ́ńbà bulletin, iye tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n san, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ èsì, mo máa ń fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹ má kọ ìtàn ìgbésí ayé yín síbẹ̀. Tí ẹ bá gbé e lọ fúnra yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Tí wọ́n bá pè yín lórí fóònù, ẹ dá wọn lóhùn lórí ímeèlì pé "bí a ṣe sọ lónìí…", kó wà lákọsílẹ̀.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, FCCPC ló kàn, àjọ ìjọba tó ń gbẹ̀sùn oníbàárà. Ẹ lè fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá dé Àbújá, ìwé tẹ́ ẹ ti kó jọ náà lẹ máa so mọ́ ọn. Òfin yẹn náà gbà yín láyè láti lọ sí kọ́ọ̀tù tààrà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí lọ́yà máa gbà, kó má lọ ju owó gíà lọ.

Tí wọ́n bá gbà láti san díẹ̀, ẹ ka ìwé tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sáìn tán kẹ́ ẹ tó mú bírò. Tẹ́ ẹ bá rí full and final settlement níbẹ̀, ẹ ò ní lè padà wá lórí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, nítorí náà ẹ béèrè wárántì páàtì tuntun náà, oṣù mélòó, kìlómítà mélòó, kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.