Bí a ṣe ń wá ìdẹ fún ẹja àrọ̀, àti èyí tó yẹ ká yàn

Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti odò Ògùn bọ̀ lọ́wọ́ òfo ti kọ́kọ́ ba iṣẹ́ jẹ́, nígbà tí wọ́n ń fi ìkánjú wa ekòló. Ẹja àrọ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Inú omi tó dà rú ni ó fẹ́ràn, alẹ́ ni ó máa ń jẹun jù, irùngbọ̀n mẹ́jọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó sì fi ń tọ́ oúnjẹ wò. Ìdẹ tó lóòórùn, tó sì ń mira, ni ó tètè ń rí.

Ẹ wá ekòló sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, sí etí ààtàn, tàbí sí abẹ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ nílẹ̀, ní kùtùkùtù, pàápàá bí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Níbi tí ẹ bá ti rí imí ekòló, ìyẹn yẹ̀pẹ̀ ṣíṣù kéékèèké, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà mọ́. Nígbà ọyẹ́, tí wọ́n bá ti wọlẹ̀ jìnnà, ẹ da omi sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ẹ fi àpò àlòkù bò ó. Bó bá di òwúrọ̀, wọn á ti gòkè. Èmi kì í lo ọkọ́, nítorí pé ó máa ń gé ekòló sí méjì. Àdá tí ẹnu rẹ̀ ti kú ni mo fi ń yọ ilẹ̀ sókè.

Fífà á jáde ni wàhálà wà. Ekòló ní irun tín-tìn-tín lára tó fi ń di ilẹ̀ mú, ilẹ̀ tó bá sì ti dì mú, kì í yára jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo jókòó wo àbúrò mi kan lọ́jọ́ kan tó ń fa ekòló bí ẹni ń fa okùn, títí agolo rẹ̀ fi kún fún ìdajì-ìdajì. Ẹ fi ìka méjì mú un, ẹ fà á díẹ̀ kó le, kí ẹ sì dúró bẹ́ẹ̀ láìjá a gbà. Láìpẹ́ yóò rẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ara rẹ̀ ti dẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó fà á jáde.

Bí ẹ bá ti kó wọn jọ tán, ẹ má ṣe dì wọ́n sínú ọ̀rá, ẹ má sì ṣe dà wọ́n sínú omi. Awọ ara ni ekòló fi ń mí. Oòrùn ń gbẹ ẹ́ pa, omi tó dúró sójú kan nínú ike sì ń mú un kú. Ọ̀rẹ́ mi kan so tirẹ̀ mọ́ ọ̀kadà láàárín ọ̀sán. Nígbà tó fi máa dé odò, ó ti di ọbẹ̀. Ike ọ̀dà tí a dá ihò sí lára, tí a bu yẹ̀pẹ̀ tútù láti ibi tí a ti wà wọ́n sí, tí a sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, ti tó. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan kẹrosíìnì tàbí oògùn ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ fi iyanrìn àti omi fọwọ́ dáadáa kó tó fọwọ́ kan ìdẹ.

Lọ́sàn-án, ẹpìyà kì í jẹ́ kí ekòló pẹ́ lórí ìwọ̀. Ìfun adìẹ ló dára nígbà náà. Àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà máa ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wọ́n iyọ̀ sí i, kí ẹ sì fi í sí ibòji mọ́jú, kó lè le dáadáa lórí ìwọ̀. Tata náà dára, ṣùgbọ́n kí ìrì tó gbẹ ni kí ẹ mú un, nígbà tí kò tíì lè fò.

Fún àrọ̀ ńlá lóru, àkèré kékeré ni mo máa ń lò. Ẹ má fi ọ̀pọ̀lọ́ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí pé oró wà nínú kókó tó wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, ẹni tó bá sì fọwọ́ yẹn nu ojú yóò jẹ̀ka àbámọ̀.

Ekòló tó bá ṣẹ́ kù, mo máa ń dà á padà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ti wà á, kí n lè rí i wà lọ́jọ́ mìíràn.