Bí a ṣe ń ran mùsíọ́ọ̀mù àwọn darandaran lọ́wọ́

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù náà, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ àwọn darandaran sí. Ẹ yí gbogbo ọgbà náà ká, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Ó lè jẹ́ òrùlé tó ń jò ni, nígbà tí ẹ̀yin ti ń di gàárì mẹ́ta sínú ọkọ̀.

Ilé ló ń jẹ owó jù. Ní National Ranching Heritage Center, mùsíọ́ọ̀mù irú èyí tó wà nílùú Lubbock, ní Texas, l'Amẹ́ríkà, ilé bí 50 ni wọ́n kó wá láti oríṣiríṣi oko ẹran, tí wọ́n sì tún tò síta gbangba. Ọ̀kan nínú wọn wá láti XIT, oko éékà mílíọ̀nù 3 tí ìjọba Texas fi ilẹ̀ rẹ̀ san owó iṣẹ́ fún àwọn tó kọ́ ilé aṣòfin wọn. Ilé tó bá wà níta, òjò ń pa á, oòrùn ń sá a. Tó bá jẹ́ onígi, ikán ń dúró dè é. Nítorí náà, tí ẹ bá fún wọn lówó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ná an síbi tó ká wọn lára. Gbogbo ayé ló fẹ́ kí orúkọ òun wà lára ìpàtẹ tuntun. Ẹni tó máa sanwó oògùn ikán ló wọ́n.

Ẹrù tí ẹ fẹ́ fún wọn ló gba sùúrù. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ. Wọ́n lè ti ní ogún irú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Irin tí wọ́n fi ń jó àmì sára màlúù, èéfín ara rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ó ṣiṣẹ́. Ẹ má fi sáńdípépà ha á. Ẹ má fi òróró pa awọ gàárì. Ẹ wo iwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ń so okùn mọ́: ojú ibi tí okùn ti họ awọ náà ló ń sọ pé ẹni tó ni ín mú màlúù lóòótọ́, kò kàn gẹṣin ṣe fáàrí.

Ẹ wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀, oko tó ti lò ó, ọdún tó lò ó, àti ìtumọ̀ àmì orí irin náà. Láìsí ìyẹn, irin lásán ni. Wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ ti yọ̀ǹda rẹ̀ pátápátá. Ẹ má retí pé wọ́n á bá yín díye lé e, tàbí pé wọ́n á pàtẹ rẹ̀ lọ́la.

Tí ẹ bá mọ àgbà darandaran kan, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, tó bá gbà. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ náà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ sọ ìtàn ayé yín" kì í mú nǹkan jáde. Ẹ bi í pé: "Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé màlúù máa bí lálẹ́ yìí?" Kí ẹ sì dákẹ́, kó rò ó.